Bàtà Dashzeveg Lórí Tèmi

Níbi tí a ń gbé ní aṣálẹ̀ Gobi, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣèèṣì gbá ti ẹlòmíràn, kíá ni kí ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀tá lẹ máa dà. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Dashzeveg, ọkọ àbúrò mi obìnrin, ló sọ ọ́ di eré, èmi ló sì fi ń ṣe é jù.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá bàbà inú ilẹ̀. Ẹ̀rọ wọn á gbẹ́lẹ̀ títí, á fa òkúta jáde gbọọrọ bí ọ̀pá, òun á sì fi ahọ́n lá a kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn. Bó bá ń bọ̀ nílé, á kó àfọ́kù rẹ̀ dání fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, á ní súìtì ni. Wọ́n á lá a, wọ́n á tutọ́, wọ́n á lé e yí àgọ́ po. Òun á ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tó kú, wọ́n á sì gùn ún bí ẹṣin. Norjmaa, àbúrò mi, á ní ọmọ mẹ́ta lòun bí, mẹ́rin lòun ń tọ́.

Lọ́dún tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn òkè wa ni kànga tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi gbẹ. Mo ní àwọn ló fà á.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dá ni. Kànga àwọn tí a ò dé ọ̀dọ̀ wọn náà gbẹ."

Mo ní kó kó ìmọ̀ rẹ̀ dání kó bọ́ síta. Láti ọjọ́ yẹn, n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Kò gbà. Bí Oṣù Funfun bá dé, tí a ń kí ara wa kú ọdún, á wọlé tòun tàwọn ọmọ, á sì fi bàtà rẹ̀ tẹ tèmi mọ́lẹ̀ gbagidi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, àna mi. Ojú mi ni ò ríran mọ́. Ẹ mú ọwọ́ wá, ká má baà di ọ̀tá."

N kò lè kọ̀. Mo máa ń na ọwọ́ sí i, kí n sì kọjú sí ilẹ̀kùn.

Á wá sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ rí i? Ọwọ́ ni wọ́n fún mi lọ́dún yìí. Bí mo bá forí tì í, wọ́n á fojú wò mí náà."

Gbogbo àgọ́ á rẹ́rìn-ín, àyàfi èmi.

Níbi oúnjẹ ọ̀sán nídìí ẹ̀rọ ni ọkàn rẹ̀ ti dúró. Ìtàn ló ń sọ lọ́wọ́. Nígbà tó ṣubú, ẹ̀rín làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sí, wọ́n ń dúró kó dìde. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí tíì gbígbóná dà sí i lọ́wọ́ tí kò mira ni wọ́n tó sáré.

Lọ́jọ́ kejì, Norjmaa gun alùpùpù wá bá mi. Mo ń rọ omi sínú àgbá, omi tí mo fi mọ́tò gbé wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí kànga yẹn. Ó wo omi náà kó tó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àlùfáà ti wo ìwé. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún Ẹkùn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kó sì gbé e. Nínú ẹbí, ẹ̀yin nìkan ni." Orúkọ ẹranko la fi ń pe ọdún lọ́dọ̀ wa.

"Ẹni ọdún Ẹkùn ò tán nílùú."

"Mo mọ̀. Méjì wà níbi iṣẹ́ rẹ̀." Kò sunkún. A kì í sunkún òkú, kí omijé má baà di odò sójú ọ̀nà rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ sí mi létí kí n tó lọ. Ṣé ẹ máa wá, àbí kí n lọ wá àjèjì tó máa gbé ọkọ mi?"

Mo rọ omi náà tán.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ mi rí?"

"Ó máa ń ní nínú gbogbo ẹbí, ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi òun ṣe àwàdà."

Mo ní kó máa lọ, mò ń bọ̀.

Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e látòkè délẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, bàtà mi gbá a lẹ́sẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Khulan, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ti rí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbá bàbá mi lẹ́sẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́.

"Ṣebí wọ́n gbọ́dọ̀ bọ ara wọn lọ́wọ́ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àlùfáà pàápàá dá ìwé kíkà dúró.

Mo kúnlẹ̀. Mo wá ọwọ́ rẹ̀ kàn lábẹ́ aṣọ, mo sì dì í mú. Ó tutù, ó le. N kò kọjú sí ilẹ̀kùn. Ibi tí ojú rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ funfun ni mo ń wò, mo sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, mo gbé e.

Kànga wa ò tíì sun omi. N kò sì tíì gbà pé ọ̀dá ni. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá.

Nígbà tí ọdún ọ̀fọ̀ parí tí Oṣù Funfun dé, Norjmaa kó àwọn ọmọ wá kí mi. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, mo sì na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rọra yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọjá. Ìyá wọn kọ́ wọn dáadáa.