Ẹ̀rín Tó Ṣáájú Àwàdà

Ọkọ aránṣọ kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Káfíńtà ni. Bó bá fi gbogbo ọ̀sán rẹ́ pákó, bó ṣe ń rẹ apá rẹ̀ ló ń rẹ ẹnu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tí kò gbà ni èyí tó gbọ́ lọ́jọ́ tó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a níbi iṣẹ́. Ó gbọ́ ẹ̀rín láti ìta, ẹ̀rín ọkùnrin tó ń fọwọ́ lu itan. Ó rò pé oníbàárà ni. Ìgbà tó yọjú, ọkọ rẹ̀ ló rí, òun àti Ọlọ́dà, obìnrin tó ń bá a kun àga. Orí pákó kan náà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n forí kan orí lórí fóònù kékeré kan.

"Ìyàwó ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan," Ọlọ́dà wí. "Agbanipa méjì ni wọ́n rán láti pa oníṣègùn eyín kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ti fẹ́ pa á, èkejì á ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Ìpànìyàn lẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná."

"Fóònù yẹn ò lè gba orí mẹ́ta." Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń gbé fíìmù wọlé. Kó tó fọwọ́, á ti máa fi hàn án bí agbanipa gígùn ṣe yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. "Ọlọ́dà ní bí mo ṣe já bọ́ lórí àkàbà lọ́jọ́sí gẹ́lẹ́ nìyẹn." Ọlọ́dà ní báyìí, Ọlọ́dà ní bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó òkú wọlé fún mi," ìyàwó wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni."

Ọkọ gbọ́, ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà wá burú ju àlàyé lọ. Á máa jẹun lọ, ẹ̀rín á sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì, òun nìkan, sí ṣíbí. Ìyàwó mọ ẹni tó wà nínú ṣíbí náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ta ṣòkòtò oníbàárà sójú fèrèsé, ó wá fíìmù náà jáde lórí fóònù tirẹ̀, ó fi í ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìbínú ló fi jókòó. Kó tó jókòó dáadáa, ìbọn ti dún, ọkùnrin kan ti gba ojú fèrèsé jáde. Wọ́n ń lé ara wọn kiri, wọ́n ń fi àwo fọ́ ara wọn lórí. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì ká oníṣègùn eyín mọ́ orí àga, ìbọn kan lápá ọ̀tún, ìkan lápá òsì. Ọkùnrin náà wo ẹnu wọn, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ìgbà wo lẹ fọ eyín gbẹ̀yìn?"

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ó wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

Ohun tó dùn nínú rẹ̀ kò le láti mọ̀. Kò sí ohun tó ń pẹ́ níbẹ̀. Nílé, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ lè jókòó sí pálọ̀ títí ọdún á fi yí po. Nínú fíìmù, ẹni tó bá ṣẹ ẹnìkan ti bá ojú fèrèsé lọ, ẹlòmíràn sì ti ń dápàárá. Ẹnikẹ́ni kì í nu ẹ̀jẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sìnkú. Kóòtù agbanipa ya ní èjìká nínú mọ́tò, nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, kóòtù náà ti pé padà. Aránṣọ rí i, ó dárí jì í. Ó wo fíìmù náà tán, ó tún un wò. Gbogbo ibi tí ẹ̀rín wà ló mọ̀ sórí. Ó fẹ́ kí ọkọ òun rí i pé Ọlọ́dà nìkan kọ́ ló léyín.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó ní, "Ẹ gbé fíìmù yín yẹn wá, ká jọ wò ó. N kò mọ bó ṣe rí."

Inú ọkọ dùn, ó fi ẹ̀wù nu ojú fóònù. Wọ́n ń wò ó lọ dáadáa títí ó fi kan oníṣègùn eyín. Bó ṣe la ẹnu báyìí, ìyàwó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ dá fíìmù dúró. "Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ohun tó sọ ni."

"Kò tíì sọ nǹkan kan."

Àwọn méjèèjì wo oníṣègùn eyín. Ó ṣì la ẹnu sílẹ̀.

"O ti wò ó," ọkọ wí. "Ta lo bá wò ó?"

"Èmi nìkan ni."

"Irú fíìmù yìí? Ta ní í dá a wò? Àbí Oníbọ́tìnì ni? Mo mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Bàbá arúgbó tó ń ta bọ́tìnì fún un ni Oníbọ́tìnì, ikọ́ ni kì í jẹ́ kó tètè dìde. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ ti pọ́n. Kí á má parọ́, ó dùn mọ́ ìyàwó nínú. Ó jẹ́ kó dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i tí ọkọ ń fa òwú yọ lára ìrọ̀rí, tí kò sì mọ̀ pé òun ń fà á. Ó mọ irú ìjókòó yẹn.

"Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí wò ó ni," ó wí. "Mo fẹ́ mọ ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ Ọlọ́dà tí n kò ní."

"Ọlọ́dà kẹ̀? Ṣebí ìwọ ni mo ń wá sọ ọ́ fún lójoojúmọ́. O ní kí n má kó òkú wọlé."

Òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ kì í pa owú lójú ẹsẹ̀.

"Ibo ni Ọlọ́dà ti rẹ́rìn-ín jù?"

Ọlọ́gbọ́n á ti dákẹ́. Káfíńtà mọ pákó ni. "A ò tíì débẹ̀," ó wí. "Ó kù díẹ̀."

Ìyàwó na ọwọ́, ó pa fíìmù náà.

"Kò tíì parí o."

"Ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn."

Ọkọ wò ó, ẹ̀rín ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó ò rín. Ó ti gba fóònù, ó ń yẹ àwọn fíìmù agbanipa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nàka sí wọn. "Èyí ńkọ́? Ẹ ti wò ó? Pẹ̀lú ta?"