Kòtò Gáàsì Afínjú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń jẹ ènìyàn, ẹ jẹ́ n sọ ti Afínjú fún yín. Kì í ṣe owú orogún o. Owú ìyá ni. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló kó ẹrù kúrò nílé rẹ̀, tó kó o lọ sọ́dọ̀ àbúrò Afínjú obìnrin, tí ọgbà kan péré pín ilé wọn níyà. Láti ọjọ́ náà, Afínjú ò mọ ibi tí yóò fojú sí.

Ìnagijẹ rẹ̀ ni Afínjú, ó sì tọ́ sí i. Màálù mẹ́ta ló ń sìn fún wàrà, ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn sí mọ́ ju pálọ̀ ẹlòmíì lọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bó bá ti fún wàrà tán, á da oògùn apakòkòrò sínú korobá omi, á fi fọ ilẹ̀ ilé màálù, á fi fọ àgbàlá, á wá fi ìyókù nu yàrá ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gba wàrà kiri àdúgbò kì í dákẹ́ ìyìn. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ iṣẹ́ yìí!" Afínjú á yọ ayọ̀ yẹn títí di ọjọ́ kejì.

Àbúrò ńkọ́? Màálù méjì péré, ẹrẹ̀ a sì máa dé wọn lórúnkún. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ pe birikilà pé kó gbẹ́ kòtò gáàsì, kó mọ ọ́n ní bíríkì, kó dé e lórí. Láràárọ̀ á kó ìgbẹ́ màálù, á fi omi pò ó, á rọ ọ́ síbẹ̀. Gáàsì á gba inú páìpù wọ ilé ìdáná, á ṣáná sí i, iná aláwọ̀ búlúù á sọ fùú! Kò sí igi, kò sí èéfín. Ìgbẹ́ lásánlàsàn o, tí Afínjú ń fi ṣọ́bìrì kó dànù sẹ́yìnkùlé!

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyá wọn, tí ikọ́ ti ń bá fínra, ní òun ń lọ. "Àyà mi ń há níbí." Kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afínjú wo ilé ìdáná rẹ̀ tí èéfín igi ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú, kò sì bèèrè nǹkan kan. Ó ti mọ̀. Iná búlúù ló gba ìyá òun lọ.

Bí Afínjú bá gbọ́ tí ìyá ń rẹ́rìn-ín lódìkejì ọgbà, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un ni. Kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí? Ṣé òun ni wọ́n ń sọ? Òun àkọ́bí, tó tọ́jú ìyá fún ọdún mọ́kànlá gbáko! Ó dojú kọ màálù rẹ̀. "Ó dáa. Tiwa á tóbi ju tiẹ̀ lọ." Màálù ń jẹ koríko lọ ní tiẹ̀.

Birikilà kan náà ló pè. "Èyí tẹ́ ẹ ṣe fún ọmọ yẹn, ẹ ṣe ìlọ́po méjì rẹ̀ fún mi."

"Màmá, ìgbẹ́ màálù mẹ́ta ò ní tètè kún un o."

"Mo bi yín ni?"

Birikilà ṣe é. Lọ́jọ́ tí Afínjú kọ́kọ́ fẹ́ rọ ìgbẹ́ sí i, àbúrò rẹ̀ wọlé pẹ̀lú korobá kan tó kún fún ìgbẹ́ olómi láti inú kòtò tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi da èyí mọ́ ọn. Bí ìwúkàrà ló ṣe máa ṣe nínú rẹ̀, á jẹ́ kó tètè ṣiṣẹ́."

"O ṣé o, àbúrò mi." Ẹ̀rín ló fi gbà á. Bí ìyẹn ṣe kẹ́yìn sí i báyìí, ó pòṣé, ó da gbogbo rẹ̀ sídìí koríko màálù tó wà lẹ́bàá ọgbà. Kí wọ́n lè máa wí pé àbúrò ló fún ẹ̀gbọ́n níná? Láíláí!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ojoojúmọ́ ló ń rọ ìgbẹ́, ojoojúmọ́ ló ń ṣá ìṣáná sí sítóòfù. Ìṣáná á jó títí dé ìka rẹ̀, sítóòfù ò ní dáhùn. Ó sì ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

Nígbà tó sú u, ó ránṣẹ́ pe birikilà. Ìyẹn yẹ páìpù wò, kò jò. Ó ṣí ẹnu kòtò, ó tẹ̀ ba, ó sì yára gbé imú kúrò.

"Màmá, òórùn kí nìyí?"

"Oògùn apakòkòrò ni. Omi tí mo fi ń fọ ilé màálù ni mo fi ń po ìgbẹ́ náà. N kì í fi nǹkan ṣòfò."

Birikilà káwọ́ lérí. "Háà! Màmá! Kòkòrò ló ń ṣe gáàsì o! Àwọn tíntìntín tójú ò rí, àwọn ló ń jẹ ìgbẹ́ yẹn tí gáàsì fi ń jáde. Ẹ̀ ń pa wọ́n láàárọ̀, ẹ tún ń pa wọ́n nírọ̀lẹ́!"

"Kí la wá máa ṣe?"

"A máa kó gbogbo ẹ̀ dànù, ká tún un bẹ̀rẹ̀. Oògùn ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ yẹn mọ́. Kẹ́ ẹ sì lọ bu ìgbẹ́ olómi wá látinú kòtò tó ń ṣiṣẹ́. Tàbúrò yín nìkan ló wà ládùúgbò yìí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Afínjú fi bá ara rẹ̀ jà. Lọ́jọ́ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, ó gbé korobá méjì, ó yí ọgbà po. Ìyá rẹ̀ ló bá nílé ìdáná, tó ń se wàrà lórí iná búlúù. Àbúrò rẹ̀ jáde wá. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gba korobá, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé.

"Ìyá," ni Afínjú wí, "owú ń pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wálé. Láìpẹ́ iná tèmi náà á jó. Èéfín tó lé yín kò ní sí níbẹ̀ mọ́."

"Èéfín wo?"

"Èéfín igi."

Ìyá rọra dín iná kù. "Ṣé kì í ṣe igi ni mo fi dáná tí mo fi tọ́ yín dàgbà? Èéfín kọ́, ọmọ mi. Oògùn tó o fi ń nu yàrá mi ni. Bó o bá ti nù ún tán, bí ẹni fi ìrọ̀rí bò mí nímú ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Mò ń wò ọ́ tó o kúnlẹ̀, tó ò ń fi tìfẹ́tìfẹ́ nù ún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ibi tí Afínjú dúró sí náà ni àbúrò rẹ̀ bá a nígbà tó gbé korobá méjèèjì dé. "Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n mi. Koríko tẹ́ ẹ da tàkọ́kọ́ sí ti ga ju ọgbà lọ, mò ń rí i láti ibí."

Ojú ti Afínjú, ilẹ̀ ló ń wò títí tó fi délé. Ó da korobá méjèèjì sínú kòtò. Ó wọ ilé màálù, ó mú ìgò oògùn ojú fèrèsé, ó ṣí i, ó sì fa òórùn rẹ̀ símú dáadáa, bí arúgbó tí àyà ń há ṣe ń fa afẹ́fẹ́. Ikọ́ gbé e, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lódìkejì ọgbà, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣì dun Afínjú. Ó dé ìgò náà pa, ó bu omi lásán, ó lọ ṣí fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ òórùn ọ̀hún kúrò nílẹ̀.