Ìkòkò Kì í Ṣe Ilẹ̀

"Gbé e kí n rí i," ni Bàdírù wí. Ó fi ọwọ́ ti ìkòkò náà, ó tún fi ẹsẹ̀ tì í. Ìkòkò kò mì.

Ọláníyọnu kò gbójú kúrò lára pákó tó ń fá. "Ẹ kúrò nídìí igi mi, ẹ̀gbọ́n. Ìkòkò ni. Ìkòkò kì í ṣe ilẹ̀."

"Ọdún keje rèé tí o ti ń kọ orin yẹn. Tó bá jẹ́ ìkòkò, gbé e."

"N kì í gbé ẹrù nítorí ẹni tó ń wòran."

Bàdírù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Bàbá Ṣéhù ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. O máa gbé e fún olórí ẹbí."

Ọmọ ìyá kan ni àwọn méjèèjì, ilé wọn sì kọjú síra ní Òkè-Àgbò. Ààyè tó wà láàárín ilé méjèèjì ló dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú. Ọláníyọnu tó jẹ́ káfíńtà fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, Bàdírù tó ń ra kòkó fẹ́ fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ẹbí dá wọn lẹ́kun. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbin igi. Ẹ̀fọ́ kò burú, ẹ̀fọ́ yóò kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin igi eléso sórí ilẹ̀ ti na ọwọ́ gba ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ṣe é, ìpín tirẹ̀ ti bọ́.

Ọdún yẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín ọ̀dọ́ igi lẹ́mọ́ọ̀nù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, Olúrẹ̀mí, ọmọ Ọláníyọnu, sì mú tirẹ̀ wálé. Bàbá rẹ̀ wá ìkòkò omi ìyá wọn tí ìdí rẹ̀ ti sán, ó da iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sínú rẹ̀, ó gbin igi náà síbẹ̀, ó sì gbé e sí àárín ààyè tí wọ́n ń jà sí gan-an, níbi tí Bàdírù yóò ti máa rí i nígbàkigbà tó bá ṣí fèrèsé.

Ìjà ló mú Ọláníyọnu gbé e síbẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tí igi náà fi wọ̀ ọ́ lára. Láràárọ̀ ló ń fi ọwọ́ ṣa kòkòrò kúrò lára ewé. Ó ń da eérú sí i, ó ń da omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì sí i. Nígbà ọyẹ́, tí igi ọsàn àwọn aládùúgbò bá ń wọ́wé, tirẹ̀ a máa tutù minimini. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn bá bi í, a ní, "Omi àdúrà tí Hannah ìyàwó mi ń gbé bọ̀ ni, àti ọwọ́ mi yìí."

Ní ọdún tó kọjá, igi náà so fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹyọ mẹ́ta péré. Àkọ́so ọdún kọ̀ọ̀kan, àgbà ilé ló ni ín. Ọláníyọnu kò fẹ́ fún Bàdírù, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi rà tí wọ́n sì já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ni Hannah kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ọláníyọnu dì mọ́ ìkòkò náà, ó fi gbogbo agbára gbé e. Kò ṣí. Ó mú àdá, ó kúnlẹ̀, ó wa ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò kan tó tó àtàǹpàkò ti gba ibi tó sán jáde, ó sì ti wọlẹ̀.

Hannah dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá Rẹ̀mí, tí ẹ bá gé e, ṣé kò ní kú?"

"Tí n kò bá gé e, ilẹ̀ lọ."

"Igi tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ju èmi lọ."

Hannah wọlé. Ọláníyọnu gbé àdá kalẹ̀, ó fẹ́ mọ ibi tí gbòǹgbò náà kọrí sí. Ó ń fi ìka wa erùpẹ̀ tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì, títí ó fi gbọ́ ìró bàtà lókè orí rẹ̀. Bàdírù ló jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù, ó jókòó lórí òkúta pẹlẹbẹ tó wà ní igun ilé rẹ̀.

"Kí lò ń wá nínú ilẹ̀?"

"Ìṣó mi ló bọ́."

Bàdírù da omi kẹ́tùlù sọ́wọ́. Ó ń ṣe àlùwàlá. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fọ ẹsẹ̀. Omi ṣàn kúrò nídìí òkúta, ó wọ ojú ihò tí Ọláníyọnu gbẹ́, ó sì tutù mọ́ ọn níka. Ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò náà ti ya sí wẹ́wẹ́ bí irun.

Bàdírù ti wọlé lọ kírun kí Ọláníyọnu tó dìde. Lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ni omi yìí ń ṣàn síbẹ̀. Nígbà òjò, nígbà ọyẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ọláníyọnu já èso tó pọ́n jù nínú èyí tí igi náà so lọ́dún yìí, ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àkọ́so," ló wí.

"Ti ọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Ó rà."

"Mo rí i. Ojú fèrèsé ni mo wà." Bàdírù gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ṣé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ìpín omi ni. N kò bẹ̀ yín."

"Omi wo?"

Ọláníyọnu ti yí padà.

Nígbà tí Bàbá Ṣéhù àti àwọn ará ẹbí dé, àdá ṣì wà lára ìkòkò níbi tó gbé e sí. Bàbá náà jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka. "Ọláníyọnu, gbé ìkòkò rẹ."

"Kò lè ṣí, bàbá. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀."

"O ti gbin igi nìyẹn."

"Mo ti gbìn ín."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàdírù. Òun ló borí. Ó ń yí lẹ́mọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ bi í pé ibo ni gbòǹgbò náà kọrí sí."

"Ìdí òkúta àlùwàlá wọn," ni Ọláníyọnu dáhùn.

Bàdírù rìn lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ihò náà fún ìgbà pípẹ́. "Ẹ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá," ló wí. "Igi tó ń mu omi mi, igi mi ni."

Ọláníyọnu la ẹnu. Ta ló ń ṣa kòkòrò? Ta ló ń da eérú? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bàbá Ṣéhù mi orí. "Ìkòkò ìyá yín ti há jù fún un."

Ọláníyọnu mú àdá rẹ̀, ó wọlé. Nígbà tó máa jáde, òòlù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàdírù ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú kó má baà wó bí ìkòkò bá fọ́.