Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Ṣáájú Abẹ́rẹ́

Ìgbátí kejì ló gbé nọ́ọ̀sì lu ògiri. Kó tó lajú, wẹ́dà, ọkùnrin ajórin tó gbé ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn kékeré náà, ti di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú.

"Mo ní kí o gún un! Ìyàwó mi ń kú lọ, ìwọ ń wo aago!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ọ̀gá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la gbọ́dọ̀ dúró, ó ku mẹ́wàá."

Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ni. Ẹni tí kò bá gbà á rí, díẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ gún sí awọ apá rẹ̀, yóò wá fi bírò yí ojú ibẹ̀ ká. Bí ó bá wú, ara onítọ̀hún kò gba oògùn náà nìyẹn, odindi abẹ́rẹ́ sì lè pa á lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n ó jọ pé ọkùnrin yìí ti sin baba náà tipẹ́.

Lórí ibùsùn, itan obìnrin náà ti wú, ọyún ń ṣàn lójú ọgbẹ́.

"Kí ló tilẹ̀ gé e?" nọ́ọ̀sì bèèrè. Ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ó ṣubú ni! Ṣé ẹjọ́ ni mo ní kí o wá dá?" Wẹ́dà já síríńjì tó kún gbà nínú àwo. "N ó gún un fúnra mi."

Nọ́ọ̀sì fò mọ́ ọn. Ẹni tí kò jà rí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ki eyín bọ ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà. Wẹ́dà fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a láyà, ó fi orí rẹ̀ lu irin ibùsùn, nọ́ọ̀sì kò tú eyín sílẹ̀. Àfìgbà tí síríńjì bọ́ lọ́wọ́ wẹ́dà, tí nọ́ọ̀sì sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ fọ́.

"Ẹ wò ó," ni obìnrin náà wí.

Ó na apá. Ibi tí wọ́n gún ti wú kọjá àmì bírò, ó pọ́n yòò.

Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ wo apá náà. "Ṣé ǹ bá ti pa á ni?"

"Ẹ̀ bá ti pa á," nọ́ọ̀sì fèsì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Oògùn mìíràn wà ní ọsibítù ńlá. Mo máa pe ọkọ̀ báyìí. Ta ló máa bá a lọ?"

"Èmi ni ọkọ rẹ̀," ni wẹ́dà sọ.

Ìyàwó rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀.

"Sísítà, irin ló fi là mí nítan, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ẹ bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀ yẹn."