Ìlà Ọrùn Ọbabìnrin

Ọdún kẹfà rèé tí Geeske ti ń gbé owó idẹ kan ṣoṣo lọ sípàdé, owó sẹ́ǹtì márùn-ún ayé àtijọ́, tí ìlà tín-ín-rín kan yọ lára rẹ̀ láti ọrùn ọbabìnrin dé etí owó. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àwọn aṣàkójọ owó ìlú Winschoten máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, kò sì sí ìpàdé tí Bàbá Wubbo, alága wọn, kì í fi Geeske ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Onílà ti dé o. Owó yẹn ò tíì bímọ?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ìkejì ẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà."

"Èékánná ló ha á. Mo ti sọ fún ẹ."

Èékánná kọ́, Geeske sì mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe eyín àtọwọ́dá, kò sí ohun tó sán tí ojú rẹ̀ kì í rí. Ohun tó bá ha owó, inú ló ń jìn sí. Ìlà tirẹ̀ yọ síta. Òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fi tẹ owó náà ló sán, tí idẹ sì wọ ojú ibi tó sán. Àmọ́ òfin ẹgbẹ́ le: àfi kí owó méjì tó jáde lábẹ́ òǹtẹ̀ kan náà wà pa pọ̀ lórí tábìlì kí wọ́n tó kọ àṣìṣe òǹtẹ̀ kankan sínú ìwé ńlá ẹgbẹ́. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ mú un wá ni wọ́n á sì máa fi pè é títí láé. Ohun tí Geeske ń fẹ́ nìyẹn, kò sì tijú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òun ló kàn láti tún inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ tò. Ó bá gbé agolo ìtìjú sọ̀ kalẹ̀. Inú agolo bisikíìtì yìí ni wọ́n ń ju owó tí alága bá dá lẹ́bi sí, wọ́n á wé e sínú bébà tó ní orúkọ ẹni tó mú un wá àti ọdún lára. Ẹnikẹ́ni kì í wo inú rẹ̀. Ta ló fẹ́ rántí ọjọ́ tí wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà? Geeske bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, awò lójú, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Bébà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti pọ́n. Owó sẹ́ǹtì márùn-ún ló wà níbẹ̀, ìlà sì wà lára rẹ̀ láti ọrùn dé etí. Ó fi ìka kàn án, ìlà náà yọ síta. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà.

Ó wá ka bébà náà. "Wubbo, 1974." Alága ìgbà yẹn kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀: èékánná.

Inú Geeske bà jẹ́ gan-an. Kí òun jìyà ọdún mẹ́fà, kí Bàbá yìí wá gba orúkọ. Bébà kékeré ni, àpò aṣọ rẹ̀ gbà á dáadáa, kò sì sẹ́ni tó ń wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti ká a ní ìṣẹ́po méjì kó tó bínú sí ara rẹ̀. Ẹni tó ti ń pariwo òtítọ́ látọdún mẹ́fà wá, ṣé bébà ló máa wá fi purọ́?

Ó kó owó méjèèjì àti bébà náà síwájú Wubbo.

"Ìkejì ti dé, Bàbá. Tiyín ni."

Wubbo wò ó títí. Ó ka ohun tó wà lára bébà, ó nu awò, ó tún wò ó.

"Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà," ló wí. "Mo mà ti gbàgbé."

"Ẹ kọ orúkọ yín. Òfin lòfin."

"Èmi mú un wá lóòótọ́, àmọ́ wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré, mo jù ú nù. A fi ìwọ ṣe ẹlẹ́yà fọ́dún mẹ́fà, o ò jù ú nù." Ó ṣí ìwé ńlá. "Ẹ̀rín tèmi ló tún pọ̀ jù níbẹ̀."

Ó kọ ọ́ gàdàgbà: Ìlà Geeske. Lẹ́yìn náà ló ya bébà tuntun, ó kọ "Wubbo," ó kọ ọdún tí wọ́n wà, ó kọ "èékánná" sábẹ́ rẹ̀, ó sì jù ú sínú agolo láìsí owó nínú rẹ̀.

"Ẹjọ́ tí mo dá ni mo jù síbẹ̀. Gbé agolo padà sókè, Ìyá Onílà."

Geeske rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló ka orúkọ ara rẹ̀ kó tó jẹ́ kí wọ́n pa ìwé dé.