Ìlànà Tí Gbogbo Wa Mọ̀

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ Shefali Bhaduri, obìnrin náà sì ń jẹ ìpanu shingara rẹ̀ nídìí tíì bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Yóò pé ọgọ́ta ọdún, ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, lóṣù tó ń bọ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, yóò tún lo ọdún mẹ́ta sí i ní ilé ìwádìí wa ní Kolkata. Bí wọ́n bá kọ̀, kó kó ìwé rẹ̀ máa lọ sílé nìyẹn. Èmi Prosun Bagchi, onímọ̀ físíìsì tí ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, wà lára ìgbìmọ̀ náà.

Onímọ̀ ìṣirò ni Shefali, kíka ọ̀nà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí igun ilẹ̀ yàrá kan bá ti bù, ọ̀nà mélòó la lè gbà tẹ́ táìsì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba àyè méjì sí i tí kò fi ní sí àlàfo, tí ọ̀kan kò sì ní gun èkejì? Ogún ọdún ni mo fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí tíì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ka ti ilé ìdáná yín tán?"

"Mo ti kà á tán, àbúrò. Ti orí ẹ ló kù. Àlàfo ibẹ̀ ti pọ̀ jù."

Lọ́jọ́ shingara yẹn, ó ti fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ kan síwájú mi. Wọ́n ní kó kọ ipa tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ní. Ìlànà tó fi yanjú ìbéèrè táìsì yẹn ló dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà mọ́kànlá péré ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé, Shefali fúnra rẹ̀ ló sì kọ mẹ́wàá.

"Ẹnì kan tó kù yẹn ńkọ́?"

"Ó ní mo ṣàṣìṣe. Òun gan-an ló ṣàṣìṣe."

Mo rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí mi láṣọ.

Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, mo ní kí n bá a wá ẹlòmíì tó lo ìlànà náà. Ìwé tèmi ló wà nítòsí, òun ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ìwé yìí ló gba àmì-ẹ̀yẹ fún mi: bí àwọn ègé gáàsì bíńtín ṣe ń dùbúlẹ̀ sórí irin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba àyè méjì bíi táìsì. Ní ojú ewé kẹta, mo rí ohun tí mo kọ: "A mọ̀ dáadáa pé iye ọ̀nà náà nìyí." Ìlànà Shefali ló tẹ̀lé e, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn nínú iṣẹ́ wa. Bí nǹkan bá ti mọ́ wa lára, a kì í bèèrè ẹni tó ni ín mọ́. Àwọn tó ka tèmi kọ ọ́ pé a mọ̀ dáadáa, àwọn tó ka tiwọn náà kọ bẹ́ẹ̀. Mo kà wọ́n dé àádọ́rin kí n tó pa kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ghatak tó jẹ́ alága wo Shefali.

"Ta ló ń lo ìṣirò yín yìí?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ó dùn-ún kà ni."

Ghatak ti ń dé bírò rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, àmì-ẹ̀yẹ mi á máa dán lọ.

"Èmi ni mo lò ó, sà. Àwọn ló kọ́ mi, nídìí tíì. Mo kọ ọ́ síwèé, mi ò dárúkọ wọn. Àádọ́rin èèyàn ló sì ti gbà á lọ́wọ́ mi."

"Bagchi, ṣé wàá kọ ohun tó o sọ yìí sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sáwọn tó tẹ̀wé náà láàárọ̀ yìí."

Wọ́n fún un lọ́dún mẹ́ta. Bí a ṣe jáde ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i."

"Ó ti tó ọdún mẹ́jọ témi ti rí i."

"Níbo?"

"Kí wọ́n tó tẹ ìwé kan, ṣebí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sẹ́nì kan kó yẹ̀ ẹ́ wò? Èmi ni wọ́n fi tìẹ ránṣẹ́ sí."

Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kì í jẹ́ kí wọ́n mọ òun, ìtìjú gbáà sì ni kó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i.

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ náà dáa, Prosun."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè wò ó.