Ta Ni Òfin Yóò Kọ́kọ́ Lé Jáde?

Ìgbìmọ̀ ìlú ní òfin kan ṣoṣo ni àwọn lè gbé yẹ̀ wò kí àwọn tó lọ fún ìsinmi: èyí tí kò ní jẹ́ kí onílé máa lé ayálégbé bó ṣe wù ú, tàbí èyí tí yóò ti àwọn ilé tẹ́tẹ́ àdúgbò pa. Wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. A pàdé ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, a jókòó lórí àwọn pákó tí kò tíì di àga.

Kò sẹ́ni tó retí aṣojú onílé wa, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tó dìde, tẹ́tẹ́ ló dojú kọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bàjẹ́ kì í dúró. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Àwọn ìyá ń mi orí. Káfíńtà sọ sí mi létí pé bí ológbò bá ń bá eku ṣọ̀fọ̀, kí eku ká ìrù rẹ̀ mọ́ra.

Ìyá Aránṣọ jókòó sí ìkángun. Kò sẹ́ni tí tẹ́tẹ́ jà lólè tó o: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí a ń pè ní Mo-máa-jẹ-lọ́la, ti ta maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kan sídìí ẹ̀. Àmọ́ aṣojú yìí kan náà ló ní kó kó jáde nínú yàrá rẹ̀ kí oṣù tó parí. Bí òfin ilé bá di ọdún tó ń bọ̀, ìta ni yóò bá a.

Ó bi aṣojú léèrè ẹni tó fún àwọn onítẹ́tẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Ìyẹn ní onílé ni, òun kàn ń jíṣẹ́ ni.

"Ẹ ò dúró de òfin kẹ́ ẹ tó lé èmi. Kí ló dé tó jẹ́ pé tiwọn ló ń dúró de òfin?"

Aṣojú ní ọ̀rọ̀ òwò yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó mi orí mọ́.

Ní àdúgbò wa, a kì í nawọ́ dìbò, torí àwọn kan máa ń na méjèèjì. Ẹsẹ̀ la fi ń dìbò: ẹni tó bá fẹ́ òfin ilé á lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹni tó bá fẹ́ òfin tẹ́tẹ́ á lọ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń wọ́ lọ sí fèrèsé, wọn ò wojú aṣojú. Ìgbà náà ni ọmọ Ìyá Aránṣọ dìde, tó lọ dúró ti aṣojú lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnì kan béèrè iye tí wọ́n fún un. Ẹ̀rín pa wá. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló rán ẹ síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màámi. Mo fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ yẹn pa ni. Mi ò lè kọjá níbẹ̀ kí n má yà."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó wo ọwọ́ tí aṣojú ti gbé lé e léjìká. Mi ò rò pé ó mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló borí. Aṣojú ní kò burú, òun yóò jíṣẹ́. Ìyá Aránṣọ kọjá lára rẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì mú un gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé lọ, èyí tó jìn, tí kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ yẹn kọjá.